Ìkéde Òkú Tí Mo Fi Orúkọ Ara Mi Ṣe

Abúlé Aláàgbà,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Ajé.

Shukurat Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù aléékún. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì yín n'Íkẹjà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn gé ọ lọ́wọ́. Ara èmi àti ìyá rẹ le, òrùlé nìkan ni a kò ní mọ́.

Ìjì ló jà ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún. Ó ṣí páànù ilé mẹ́tàdínlógójì, ó gbé tiwa lọ sóko Quadri aládùúgbò wa, Quadri sì ní òun kò ní gbé e padà nítorí òun kọ́ ló gbé e wá. Inú ilé ìdáná ni à ń sùn, òjò sì ti ń ṣú.

Ibi tí rédíò bá sọ ni ìjọba ń gbé páànù lọ, mo bá gbé rédíò sétí fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀gá sójà kan tí ilé ìdáná rẹ̀ jó n'Íkẹjà lọ́dọ̀ yín ni mo ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Wọ́n ní ajá rẹ̀ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn fún ajá náà, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi wọ yàrá ẹ̀yin òṣìṣẹ́ l'Óko Ọba, tó ba bẹ́ẹ̀dì rẹ jẹ́, rédíò kò mẹ́nu bà á. Mo rò ó títí, mo ní ẹ̀bi wa ni, ọ̀gá sójà ti lọ sọ tirẹ̀ fún wọn, àwa jókòó sílé.

Mo bá wọkọ̀ lọ sí ilé rédíò. Akọ̀wé obìnrin tí mo bá níbẹ̀ bi mí pé ta ló kú, mo ní kò sẹ́ni tó kú, alihamudulilahi. Ó ní èèyàn pàtàkì wo ni páànù rẹ̀ ṣí, mo dárúkọ baálẹ̀ wa, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìròyìn, ìkéde òkú nìkan lòun lè gbà lọ́wọ́ mi, ó sì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ olóògbé sí, n kò lè fi ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀, mo kọ tèmi. Ibi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó pa á, mo kọ ìjì, mo to orúkọ gbogbo onílé mẹ́tàdínlógójì sí i títí ìwé fi kún. Ọmọ tó gbẹ̀yìn òkú, mo kọ ìwọ. Akọ̀wé gbà á, ó kí mi kú ara fẹ́ra kù.

Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò kà á. Nùréènì tó ń wa ọkọ̀ màlúù wá sí Oko Ọba ni mo fi lẹ́tà yìí rán, kó lè dé ọwọ́ rẹ ṣáájú rédíò. Má sunkún. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní òun kò ṣe opó.

Bí ẹ̀gbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ bá dáwó ọ̀fọ̀ fún ọ, jọ̀ọ́, fi ra páànù ìdì méjì àti ìṣó, ètò SAP tí ìjọba fi gbówó ọjà lérí ti sọ wọ́n di ohun tí apá mi kò ká. Kí o sì gbé e wá fúnra rẹ. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń kọ̀wé sí ọ pé ara mi le, o kò wá wò mí. Ojú rẹ ń wù mí gan-an. Wá síbi òkú yìí, wàá bá mi láàyè.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, kò ní fi àdánù kankan kàn ọ́, ì báà ṣe èyí tí rédíò ń sọ tàbí èyí tí wọn kì í sọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dàwódù.