Ìborí Pupa Lára Suwíìṣì

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá 2025
Baálé Òpó — orúkọ tí mo fún ọkọ mi nìyẹn, n ò tíì pè é síta — tún mú ìborí pupa mi lọ síbi iṣẹ́ iná. Èyí tí mo fi wọlé ọkọ. Tó bá fẹ́ gun òpó, Gbádé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á pa suwíìṣì, wọ́n á so ìborí mọ́ ọn. Pupa nìyẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ taná. Ó ní, "Rùká, ìborí ẹ ló ń ṣọ́ mi." Ojú tì mí.

Tọ́sìdeè, 9
Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá sí ọ́fíìsì wọn. Gbogbo òpó láti Ọ̀fà dé Ìjágbó wà nínú ẹ̀. Òun láá máa sọ ibi tó bàjẹ́, ibi tí iṣẹ́ ti parí. Inú ọkọ mi ń dùn bí ọmọ tó rí bàtà ọdún. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n kó gbogbo àkísà kúrò lára suwíìṣì.
Àkísà!
Mo fọ̀ ọ́, mo ká a sínú báàgì. Alhaja, ìyá ọkọ mi, rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, kọ̀ǹpútà ti gbọkọ lọ́wọ́ ẹ."

Sọ́ńdè, 12
Kò síná.

Tọ́sìdeè, 16
Kò tíì síná. Alhaja ń bú mi bí ẹni pé èmi ni mo gbé e pamọ́: "Aya oníná, ilé òkùnkùn!"
Lọ́sàn-án, iná dé, wàì! Àdúgbò hó yèè. Mo hó jù wọ́n lọ — èmi tí wọn kì í gbóhùn mi. Mo ń lọ aṣọ Jímọ̀ ọkọ mi lọ́wọ́ nígbà tí Gbádé dé lórí ọ̀kadà. Kò sọ̀ kalẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ múra, ká lọ ọsibítù."

Jímọ̀, 17
Ó yè. Ọwọ́ ọ̀tún ò yè.
Gbádé ń sunkún. Òpó méjì ló bàjẹ́ lórí wáyà kan. Ọkọ mi tún èkínní ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà lórí fóònù pé ó ti parí, ó gun èkejì. Kọ̀ǹpútà ka méjèèjì sí ọ̀kan: iṣẹ́ parí. Kò sí pupa lára suwíìṣì. Gbádé, tó wà nídìí suwíìṣì, tan án.
Iná tí mo fi lọ aṣọ — ara ọkọ mi ló gbà kọjá.

Mọ́ńdè, 20
Ọ̀gá gbé búrẹ́dì wá. Ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣì, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣì í tẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Ẹ ṣé kí ni?

Sátidé, 25
Iná dé ní wọ́ọ̀dù. Àwọn aláìsàn hó yèè. Baálé Òpó kọjú sógiri.
"Rùká, lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ hó nílé?"
Mo ní rárá.