Ẹja Orí Àwo Mi

Igando, 1993

Ìyá mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ara tèmi le ṣá.

Ẹ ṣàdúrà fún Ṣàfíù ọkọ mi nígbà tí mo sọ pé ẹja ńlá tí mo bá bù fún un, orí àwo mi ló ń dá a padà sí. Òun ni akọ̀wé àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa tó ń jẹ ẹja odò wò, bóyá kẹ́míkà wà níbẹ̀. Mo rí èsì tèmi ti èṣí nínú báàgì rẹ̀. Kẹ́míkà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Ó ní wọ́n ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ti di ẹnikẹ́ni.

Lánàá mo gbé gbogbo ẹja síwájú rẹ̀, mo jókòó tì í. Kò jẹ ẹ́.

Ẹ bá mi kí Mọ̀dínátù àbúrò mi, tó ní irú ọkọ mi lòun máa fẹ́. Ẹ ní kó fara balẹ̀.

Hàbíbátù yín