Ta Ni Yóò Gba Ìwé Orin Santabruna Lẹ́yìn Mi?

Èmi, Moṣọpẹ́ Iyìolúwa Ọlágòkè, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí mò ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí mi nítòsí ọgbà Parsloes ní Dagenham, tí mo sì wà ní ọdún àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. N kò ní tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ẹni tó bá ń tẹnu mọ́ ọn pé orí òun pé, èmi gan-an máa ń fura sí i.

Ní ọjọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ kókó tó wà ní ọ̀fun mi. Dókítà ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ẹ̀rín yẹn ló sì dẹ́rù bà mí. Bàbá mi bá mi nídìí ìwé yìí, wọ́n ní, "Ẹ wá wo ẹni tó yẹ kó sin mí, òun ló ń pín ogún! Kí lo tiẹ̀ ní?" Ohun tí mo ní kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tó lè da ìjọ wa rú, kó sì dójú ti opó kan, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Nítorí ọ̀kan yẹn ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

1. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùnmi, tó ń gbé ní Longbridge, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Òun nìkan ló máa ń ka nǹkan dé ìparí nínú ilé wa. Bùnmi, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá mi ṣáájú rẹ. Mo fi ìwé orin mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ògiri. Nígbà tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ti yí padà. Màmá wa ní gbígbá ni àwọn gbálẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

2. Mo fi ẹ̀rọ ìbòtí tí mo fi ń gbọ́ orin sílẹ̀ fún bàbá mi, Dávídì Ọlágòkè, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìgbàkígbà tí mo bá ń gbọ́ ọ́pẹ́rà, eré tí wọ́n ń fi orin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á gbá ilẹ̀kùn mi: "Ta ló ń pa obìnrin yẹn? Ẹ gbà á sílẹ̀!" Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bo etí, kí ẹ sì gbọ́ ọ̀kan dé ìparí. Òótọ́ ni pé wọ́n sábà máa ń pa obìnrin náà, ṣùgbọ́n wọ́n á jẹ́ kó kọ́kọ́ kọrin tán.

3. Ológbò dúdú tó ń wá sẹ́yìnkùlé wa kì í ṣe tèmi, n kò sì mọ̀ bóyá òfin gbà kí ènìyàn fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí ó bá gbà, mo fi í fún Ammar, aládùúgbò wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti fura pé ẹja ló ń fún un lábẹ́lẹ̀, nítorí kì í jẹ oúnjẹ tiwa mọ́.

4. Kíbọ́ọ̀dù mi jẹ́ ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa. Ẹ óò rí gbólóhùn kan tí mo fi ìlà pa níhìn-ín, tó ní Jìmí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. N kò tún ìwé náà kọ láti fi pamọ́. Jìmí ni olórí ẹgbẹ́ akọrin wa. Nígbà kan, ó máa ń sìn mí dé ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì méjì á kọjá, a ò ní wọ̀ ọ́. Ìdí tí mo fi kọ gbólóhùn náà, àti ìdí tí mo fi pa á rẹ́, wà nínú ìpín tó tẹ̀lé e.

5. Ìpín yìí jẹ mọ́ ìwé orin *Opó Etí Odò*, iṣẹ́ Ercole Santabruna, ará Ítálì.

Mo rí ìwé náà ní ṣọ́ọ̀bù ọrẹ-àánú kan ní Barking, láàárín ìwé oúnjẹ sísè. Ní ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí a kọ̀wé nípa ẹnìkan tí ayé ti gbàgbé, mo sì mú un. Ọmọ aránbàtà ni Santabruna, ní abúlé kan ní àríwá Ítálì. Ọmọdé ni nígbà tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà. Ó lọ sí Mílàn, ó kọ ọ́pẹ́rà mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́, inú àwọn ọ̀dọ́ dùn débi pé wọ́n tú ẹṣin kúrò lára kẹ̀kẹ́ tó gbé e, wọ́n fọwọ́ ara wọn fà á dé ilé. Nígbà tó di ìkẹfà, wọ́n ń bó ọsàn jẹ nígbà tí eré ń lọ.

Ìkẹsàn-án ni *Opó Etí Odò*. Ní apá kejì eré náà, opó kan dúró létí odò tó kún, ó ń bẹ ọlọ́kọ̀ pé kó gbé òun kọjá sí ibi tí wọ́n sin ọkọ òun sí. Ìgbà tí akọrin bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan dìde lórí ìjókòó òkè, ó sì kọ ìyókù orin náà ṣáájú rẹ̀. Ó ní orin tí abúlé òun fi ń tọrọ òjò nìyẹn, pé Santabruna jí i ni. Gbogbo ilé hó lé Santabruna lórí. Ìwé ìròyìn pè é ní eku ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé àbẹ́là lọ. Kò wí àwíjàre kan. Ó padà sí abúlé, ó ń sin kòkòrò tó ń ran òwú sílíkì títí tó fi kú, kò sì kọ orin mọ́.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni àwọn olùwádìí tó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe orin òjò náà fún abúlé yẹn, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin nídìí dùùrù. Àwọn ará abúlé ti kọ ọ́ pẹ́ débi pé wọ́n gbàgbé ẹni tó ṣe é. Òun náà gbàgbé. Ní ìsinsìnyí, wọ́n ti ń ṣe eré náà padà ní ibì kan àti ibòmíràn. Nígbà tí mo kọ gbogbo èyí tán, olùkọ́ mi, Beatrice, sọ pé, "Moṣọpẹ́, o fura sí gbogbo ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí, títí kan àwọn òkú." N kò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti máa ń fi orin opó náà dánra wò lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ilé wa kò gba ariwo. Jìmí máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, "Kí lò ń tẹ̀ yẹn? Ó wọ̀ mí lára o." Kò pẹ́ sí i ni ó kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ní orin tuntun kan, ó ní orin ẹ̀mí ni, láti òkè ló ti wá: "Gbé mi kọjá, Baba, omi yìí pọ̀ fún mi." Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ohùn Santabruna ni, láìyẹ̀ síbì kan. Ìjọ jó. Èmi nìkan ni mo jókòó. Mo bi Jìmí pé òkè wo ló ti wá, ó ní, "Moṣọpẹ́, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀." Mo ní olè ni, kò jiyàn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá rìn lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀fun mi le, àwọn àgbà ìjọ ní kí n lọ dùbúlẹ̀ ní ilé àánú fún àdúrà. Ilé ìkẹ́rùsí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀. Pákó ni wọ́n fi gé yàrá tí a ń pè ní ilé àánú kúrò lára gbọ̀ngàn, pákó náà kò sì dé òkè. Mo wà lórí ẹní nígbà tí Jìmí ń fi orin tuntun náà dán kíbọ́ọ̀dù wò lódìkejì. Ohùn rẹ̀ kò gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Láti òkè àjà ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ lé mi lójú.

Màmá Magdalene, tó ń tọ́jú àwọn tó bá wà nínú ilé àánú, jókòó tì mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orí ẹní tí o wà yìí gan-an ni wọ́n ti fún mi ní orin yẹn. Mo sin bàbá Láyí tán, àdúrà kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Mo wá ń tòògbé lọ́sàn-án Sátidé kan, orin ń bọ́ látòkè bí òjò. Má wí fún ẹnikẹ́ni o, wọ́n á ní opó ń ṣe fọ́ńté." Wọn kò gbọ́ èdè Ítálì. Wọn kò mọ̀ pé opó kan wà létí odò nínú ìwé mi. Mo ti gbìyànjú láti fura sí ìyẹn náà, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí n ó fura sí.

Mo jáde lọ bá Jìmí. Ó ní, "Ọjọ́ tí màmá kọ ọ́ sí mi létí ni mo ti mọ̀ pé ohun tí ò ń tẹ̀ ni. Kí ni kí n wí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rẹ́rìn-ín?"

Wàyí o, wọ́n fẹ́ tẹ orin náà sínú ìwé ètò ìkórè. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ orin kà, tó sì ṣí ìwé Santabruna, lè dìde bí ọkùnrin orí ìjókòó òkè yẹn. Ọkùnrin náà kò purọ́. Ohun tó mọ̀ ló sọ, kò kàn mọ̀ tó ni. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ìwé náà fún Bùnmi nítorí kò mọ orin kà, ṣùgbọ́n Bùnmi, mo mọ̀ ọ́: wàá dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù ọrẹ-àánú, ibẹ̀ sì ni ìdajì àwọn akọrin wa ti ń ra kóòtù. Mo rò ó pé kí n dáná sun ún. Wọ́n ti pa ohùn Santabruna mọ́ ọn lẹ́nu nígbà kan, ọwọ́ mi kò gbé e.

Nítorí náà, Jìmí ni mo fi ìwé orin náà sílẹ̀ fún. Kó máa tẹ̀ ẹ́. Bí Màmá Magdalene bá ṣì wà láàyè, kó má ṣe fi han ìjọ, àfi bí màmá fúnra wọn bá bèèrè. Lẹ́yìn wọn, kó kọ orúkọ méjèèjì sórí orin náà: Santabruna ló ni ohùn, Magdalene ló ni ọ̀rọ̀. Mo ṣì ń ṣiyèméjì bóyá yóò lè pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pa á mọ́ fún mi lójú èébú, n kò sì mọ ẹlòmíràn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

6. Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ìhágún gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú rẹ̀ ti bọ́. Ammar mú bírò wá, mo ní kó máa lọ nítorí ológbò. Lónìí, Jìmí gbé ọsàn wá kí mi. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ò ń wá ẹlẹ́rìí. Ó kéré tán, jẹ́ kí n ṣe ìyẹn fún ẹ." Mo ní rárá. Ó ní, "O ò tíì yé fura sí mi, àbí?" Ó dìde, ó kí màmá mi, ó lọ. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí màmá mi wà níjòókòó, Màmá Magdalene sì ni ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́.

Bí mo bá jí lọ́jọ́ Túsìdeè, tí ohùn mi sì jáde, Jìmí ni n ó kọ́kọ́ pè. Bí n kò bá jí, Bùnmi, kó o tó ka ìpín kankan fún ẹnikẹ́ni, pe Jìmí wá, kó o sì sọ fún un pé nítorí kí ìwé náà lè jẹ́ tirẹ̀ ni n kò ṣe jẹ́ kó fọwọ́ sí i.

Mo fọwọ́ sí i níṣojú àwọn méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, àwọn náà sì fọwọ́ sí i níṣojú mi, ní Dagenham, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Moṣọpẹ́ Iyìolúwa Ọlágòkè

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí n kò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún:
Tàjùdíìnì Morákinyọ̀, aládùúgbò wa ní òdìkejì títì
Eden Ọmọ́lẹ́wà, akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi