Kíkí Orí Àtẹ̀gùn

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kẹta, 2001
Òjò. Ìdajì wákàtí la fi dúró láàárín ìlú láìsọ̀rọ̀, bí a ti ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, oníkálukú gbé àwòrán ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ dání. Èmi gbé ti Aratz, ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí lẹ́wọ̀n níhà gúúsù nítorí ìjà òmìnira ilẹ̀ Basque wa, ẹgbẹ̀rún kìlómítà sílé. Peru, ọmọ mi, ń sùn nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé rẹ̀. Fermín kọjá — káńsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ará Madrid tó lòdì sí òmìnira wa, tó ń gbé àjà òkè wa — òun àtàwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ méjì, torí àwọn kan lára wa ń yìnbọn pa irú wọn. Mo wo ilẹ̀. Lánàá ló bá mi gbé kẹ̀kẹ́ Peru gun àjà kẹta! Orí àtẹ̀gùn la ti ń kíra wa. Ní ìgboro, rárá. Kò sẹ́ni tó fi òfin yìí kọ́ mi, mo kàn bá a nílẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3
Mo yà sí ilé ọtí àwa ẹlẹ́gbẹ́ òmìnira, níbi tí àwòrán Aratz wà lára ògiri. Zigor tó ń ta ọtí ń fi Fermín ṣe yẹ̀yẹ́: “Ará òkè yín yẹn, ṣé àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ló ń bá a nu ìdí?” A rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kì í ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi! Aago mẹ́jọ àárọ̀, òun nìkan, tòun ti sálúbàtà, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ ra búrẹ́dì.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Zigor ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń nu ife.

Ọjọ́rú, 7
Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri ilé búrẹ́dì. Orúkọ Fermín, nǹkan róbótó yí i ká, àgbélébùú láàárín rẹ̀ — bí ojú ìbọn. Nísàlẹ̀: ỌJỌ́ ÌSINMI, Ẹ̀YÌNKÙLÉ.
Ẹnu mi ni. Ẹnu èmi Idurre.

Ọjọ́bọ̀, 8
Mo ní kí Zigor jẹ́ kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ara ògiri náà rẹ́. Ó ní, “Ọ̀dà lásán ni, àbúrò. Ọ̀dà kì í pààyàn. Àbí o ti gbàgbé ibi tí Aratz wà?”
Mo yà sọ́dọ̀ Ama, ìyá mi, ní àjà kejì. Ó ní, “Pa ẹnu ẹ mọ́, jọ̀ọ́. Ta ló ni ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ wo ẹ̀gbọ́n ẹ?”
Àwọn Zigor ni. Ọjọ́ kẹtàdínlógún la máa lọ. Láti ìgbà Kérésì ni Ama ti ń retí rẹ̀.
Òmìnira ilẹ̀ Basque, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ — mo gbà á gbọ́, mo ṣì gbà á gbọ́. Sálúbàtà bàbá yẹn ò sí nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Ara Peru gbóná. Mi ò lọ dúró láàárín ìlú. Milagros, ìyàwó Fermín, gbọ́ igbe rẹ̀, ó gbé oògùn ibà sọ̀kalẹ̀ wá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ṣíbí bù ú fún un. “Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?” Mo fẹ́ sọ. Mo ní mo ti jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10
Ọ̀la ni.

Ọjọ́ Ìsinmi, 11
Òjò. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láti aago méje, Peru lórí itan mi. Fermín sọ̀kalẹ̀. Sálúbàtà kan náà! “Bàbá, ẹ má gba ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo sọ ọ́.”
Kò pariwo. Ó ní òun àti Milagros ti mọ̀ pé èmi ni láti Ọjọ́rú. Ta ló tún ní fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, bí kò ṣe èmi?
Láti Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì ni Milagros gbé oògùn wá.
Ó ní òun ṣì fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Mo gbé Peru gòkè fún Milagros, mo bá Fermín gba iwájú ilé jáde sí títì. Zigor ń ṣílẹ̀kùn ilé ọtí. Mo pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: “Bàbá Fermín, ẹ kú òjò o!”

Ọjọ́rú, 14
Kò sí àyè fún mi nínú ọkọ̀ mọ́. Zigor ní ti Ama ṣì wà níbẹ̀, bó bá mọ ẹni tó yẹ kó bá rìn.
Aratz á máa wo ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 16
Ama ló gbé àwòrán Aratz. Mo dúró lódìkejì títì pẹ̀lú Peru. Mo juwọ́ sí i. Ó wo ilẹ̀.
Nírọ̀lẹ́ a pàdé lórí àtẹ̀gùn. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Peru.
“Ṣé ara ẹ̀ ti yá?” Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́.