Múyìwá Kò Ṣẹ̀ Mí: Bí Àwa Méjèèjì Ṣe Tú Ìgbéyàwó Wa Ká Láìjà

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àfaradà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Bọ̀dá Sẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi, mo kí ẹ̀yin náà pẹ̀lú ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìlá, tọmọdé tàgbà, tí ẹ óò gbọ́ lẹ́tà yìí nígbà tí wọ́n bá ń kà á, mo kí gbogbo yín. Ara mi le, ara Tómi ọmọ mi náà le. Ó ti ká eyín iwájú méjèèjì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò.

Màámi, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi o. Iṣẹ́ ìfọṣọ tí mò ń ṣe ní Festac níbí, ìdúró ni. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀ ni mo máa ń dúró ti tábìlì, tí mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọn ò lọ sí ọ́fíìsì mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì fẹ́ kí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì wọn le gbagidi. Bí iná ò bá sí, áyọ́ọ̀nù eléèédú la máa lò, ooru rẹ̀ á sì bá mi délé. Òjò ti ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin báyìí. Aṣọ ò gbẹ, àwọn oníbàárà ń bínú, omi sì ti gba ojú títì iwájú ilé wa débi pé ọwọ́ ni mo máa ń gbé bàtà mi sí kí n tó lè kọjá. Ẹ má bínú pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù yìí kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ bí mo bá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Mi ò pè yín lórí fóònù, lẹ́tà tí gbogbo èèyàn lè kà ni mo kọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti kúrò ní ti èmi àti ẹ̀yin nìkan. Èmi àti Múyìwá ọkọ mi ti tú ìgbéyàwó wa ká ní kóòtù. Ó ti parí. Kò sí ẹni tó ta kò ó nínú àwa méjèèjì. Èyí tó wúwo jù ṣì ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra jókòó.

Ẹ rántí pé nígbà tí Múyìwá kó lọ sí Kuje tí kò jìnnà sí wa níbí, tí èmi àti Tómi dúró sí yàrá wa ní Festac, ẹ pè mí, ẹ ní kí ni Múyìwá ṣe fún mi. Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ ní tọkọtaya kì í ṣàdédé pínyà. Ẹ ní ṣé ó ń nà mí ni, mo ní rárá. Ẹ ní ṣé kì í fún wa lówó oúnjẹ ni, mo ní ó ń fún wa. Ẹ tún pè lọ́jọ́ kejì, ẹ pè lọ́jọ́ kẹta, ẹ pè lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó rẹ̀ mí, mo ní ó ń yan àlè. Ẹ ní ẹ ti mọ̀. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Màámi, irọ́ ni mo pa.

Múyìwá kò yan àlè kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò ní orúkọ tí mo lè pè é fún yín. Lẹ́yìn tí a bí Tómi, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán láàárín wa. Á ti Mile 2 dé, níbi tó ti ń tún tírélà ṣe, ọ́ìlì dúdú á kún apá rẹ̀. Á wẹ̀, á jẹun, á dúpẹ́ oúnjẹ, á sùn. Á ti rẹ èmi náà. Ọdún kan kọjá, ọdún mẹ́ta kọjá, a wá dà bí ayálégbé méjì tó jọ ń lo ilé ìdáná kan. A lọ bá pásítọ̀, ó gbàdúrà fún wa, ó ní ká máa jáde pọ̀. A jáde. A jókòó síbì kan ní Apple Junction, a mu ohun mímu wa tán, a ò rí ohun tí a ó sọ. Bí a ṣe ń rìn bọ̀ wálé ni Múyìwá sọ fún mi pé ọkàn òun máa ń balẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ju bó ṣe ń balẹ̀ nílé lọ, òun sì rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún mi. Mi ò lè sẹ́ ẹ. Mo sunkún, òun náà sunkún, kò sí ẹni tó bú ẹnì kejì.

Irú ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ bá Bàámi gbé títí wọ́n fi kú? Mo wá mú ẹ̀sùn tí mo mọ̀ pé yóò tètè yé yín.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí a ó ṣe tú u ká lábẹ́ òfin. A kọ́kọ́ rò pé a ò nílò lọ́yà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi sọ pé ní kóòtù ìbílẹ̀, èèyàn lè fẹnu ara rẹ̀ rojọ́, pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n òun ṣe. Èmi àti Múyìwá gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, a jọ wọkọ̀ lọ. Akọ̀wé kóòtù, ìyá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú, bi wá bí a ṣe ṣe ìgbéyàwó wa. A ní a ṣe ìdána, a sì fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísìrì. Ó ní ká jẹ́ kí òun rí ìwé náà. Nígbà tó wò ó tán, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní ká ní ìdána nìkan ni a ṣe ni, ibẹ̀ yẹn náà la ò bá ti parí rẹ̀, láìsí lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísìrì, kóòtù gíga ló lè tú u ká. Ó ní òfin ò sọ pé kéèyàn má dá rojọ́ níbẹ̀ o, àmọ́ ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀, bí a bá sì ṣi ẹyọ kan kọ, wọ́n lè ní ká lọ tún un ṣe. Ó ní bí a kò bá ti jà, lọ́yà kan ṣoṣo tó: kó kọ ọ́ fún ọ̀kan nínú wa, kí ẹnì kejì sì fọwọ́ sí i pé òun ò ta kò ó. Kí á tó jáde, ó wò wá, ó ní ṣé ó dá wa lójú, torí a ò jọ ẹni tó fẹ́ kọ ara wọn.

Lọ́yà àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ní ọ́fíìsì kékeré kan lókè ilé ìtajà. Ó yá mọ́ èèyàn. Ó ní ọ̀rọ̀ mi rọrùn, ká kàn kọ ọ́ pé ọkọ mi ń nà mí, pé ó sì ń yan àlè, a ò ní pẹ́ gba ìdájọ́. Mo ní kò nà mí rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ọkọ mi ò bá ti ní wá ta kò ó, ta ni yóò mọ̀? Ó ti ń kọ ọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi kí n kà á. Mo rí orúkọ Múyìwá, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, mo rí àgbèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màámi, ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù náà gan-an ni, àmọ́ ó ti wà nínú ìwé wàyí. Mo dìde, mo ní mi ò ṣe mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo lọ bá Múyìwá ní Mile 2. Abẹ́ tírélà ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Ó jáde, ó nu ọwọ́, mo sì jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo sọ fún yín pé ó ń yan àlè. Ó ní òun mọ̀. Ó ní nígbà tí òun wá sí Ìlá fún ìsìnkú àbúrò bàbá òun, òun yà kí yín, ẹ ò sì dá òun lóhùn. Ó ní Bọ̀dá Sẹ́gun bú òun níwájú àwọn tó wá ṣòkú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé irọ́ ni. Ó ní bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó bi òun pé kí ló wá fà á, òun náà ò sì ní ìdáhùn. Ó ní ó sàn kí ẹ máa bínú sí òun, torí òun lè má rí yín mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ni èmi ó padà sí. Ó wọ abẹ́ tírélà lọ padà. Mo dúró níbẹ̀ láàárín ariwo àwọn kọndọ́kítọ̀, mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Lọ́yà kejì, obìnrin ni, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí mò ń bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó fi sùúrù bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ó ti lé ní ọdún méjì tí a ò ti gbé pọ̀ mọ́, ó ní a ò nílò irọ́ kankan. Ó ní bí tọkọtaya bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì gbáko, tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kò sì ta kò ó, òfin gbà pé ìgbéyàwó náà ti kọjá àtúnṣe. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá kò síbi tí a ó ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ Múyìwá. Ó ní kò sí. Mo bú sẹ́kún nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ń san díẹ̀díẹ̀, òun ló jẹ́ kí tiyín dín kù.

Èmi àti Múyìwá jọ jókòó kọ bí a ó ṣe máa tọ́ Tómi. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé, yóò máa lọ sí Kuje lópin ọ̀sẹ̀, bàbá rẹ̀ ni yóò máa san owó ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí a dé iwájú adájọ́, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Adájọ́ bi Múyìwá bóyá ẹnikẹ́ni fi ipá mú un fọwọ́ síwèé. Ó ní rárá. Wọ́n ní ṣé ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní èèyàn dáadáa ni mí, pé kí kóòtù bá òun kọ ìyẹn sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́. Wọ́n fún wa ní ìdájọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni yóò tó fìdí múlẹ̀ pátápátá. Oṣù mẹ́ta náà pé lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ti rò pé inú mi á dùn, tàbí kó bàjẹ́. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú méjèèjì. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo lọ aṣọ. Lọ́jọ́ Sátidé tí Tómi bá wà ní Kuje, yàrá máa ń pa rọ́rọ́, mo sì máa ń tan rédíò kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Síbẹ̀, mi ò kábàámọ̀ pé a pínyà. Irọ́ yẹn ni mo kábàámọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìlá tí ẹ ti gbọ́ pé alágbèrè ni Múyìwá, ẹ gbọ́ èyí náà láti ẹnu mi: kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Sẹ́gun, ẹ jọ̀ọ́, àwọn tí ẹ bú u níṣojú wọn, ẹ padà lọ bá wọn, kí ẹ sọ òtítọ́ fún wọn. Èmi ni kí ẹ bá wí. Màámi, mo mọ̀ pé yóò dùn yín. Ẹ bínú sí mi títí dìgbà tó bá wù yín, mi ò ní ní kí ẹ tètè gbàgbé.

Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Múyìwá fẹ́ mú Tómi wá kí yín nígbà ọlidé tó ń bọ̀. Èmi ò ní lè bá wọn wá, ọ̀gá mi ò fún mi láyè. Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé ó fẹ́ wá, ó ní ìyá àgbà ọmọ òun lẹ jẹ́. Bí wọ́n bá dé, tí nǹkan kan ṣì wà lọ́kàn yín tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa àwa méjèèjì, ẹ bi í. Òun kì í purọ́.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kó fi agbára sí eegun yín, kó sì má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kó àìsàn bá yín. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò ní fẹ́ béèrè mi mọ́ lẹ́yìn èyí.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fúnkẹ́