Eyín Ni Mo Kọ, Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Kà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le? Ṣé àwọn ọmọ ò yọ yín lẹ́nu jù? Àlàáfíà ni èmi àti ọkọ mi wà. Ilé ọkọ ò korò. Ojú ló ṣì ń tì mí.

Ẹ ní kí n bá yín gba àdírẹ́sì dókítà eyín tí ìyá ọkọ mi lọ bá lókè òkun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tójú wa rí.

Ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ri eyín tuntun mẹ́fà mọ́ màmá lẹ́nu. Lọ́jọ́ karùn-ún, màmá ti wọ bàálù. Wọn ò gba ìwé kankan bọ̀. Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Èmi tí mo bá wọn di ẹrù nìkan ni wọ́n sọ fún: "Ìyàwó, kò gbọdọ̀ tẹnu ẹ jáde o." Ẹnu ni wọ́n wí, ni mo ṣe fi bírò sọ fún yín.

Lọ́sẹ̀ kejì, ibà dé. Oògùn ilé ìwòsàn ò ràn án. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi gbé wọn padà lọ síbẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n fi ìborùn wé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pé òtútù ni. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n bóyá wọ́n rìnrìn àjò tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọkọ mi ti lọ sanwó káàdì, wọ́n bá ní rárá. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n lè kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú wo ni wọ́n á fi máa wò mí nínú ilé? Ni mo bá ya ìwé, mo kọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì pé: "Won se eyin loke okun." Ìkánjú ò jẹ́ kí n fi àmì ohùn sí i.

Nọ́ọ̀sì ka eyín sí ẹ̀yìn! Wọ́n dojú màmá bolẹ̀, wọ́n ń wá ojú abẹ. Màmá ń pariwo, "Kí lẹ ń wá lẹ́yìn mi? Ṣé mo jí nǹkan yín pọ̀n ni?" Mi ò mọ ìgbà tí mo lọgun: "Ẹ jọ̀ọ́, eyín ẹnu ni! Èyí tá a fi ń jẹun!" Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí mi. Ọkọ mi tó ń wọlé bọ̀ ní, "Háà, ṣé ohùn ẹ nìyí?"

Wọ́n tú ìborùn. Ìdí eyín ti wú, ó kún fún ọyún. Dókítà ní èèyàn lè kó kòkòrò bọ̀ láti ìrìn àjò, irú èyí tí oògùn tí àwọn máa ń lò ò pa. Wọ́n gbé màmá sí yàrá ọ̀tọ̀ kó má baà ran àwọn ẹlòmíì, wọ́n yẹ ọyún náà wò, wọ́n pààrọ̀ oògùn. Ibà ti lọ, àmọ́ wọ́n yọ méjì nínú eyín náà.

Mi ò ní kí ẹ má lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ rí dókítà tiyín ná. Ẹ gba ìwé ohun tí wọ́n bá ṣe fún yín, ẹ má sì kánjú wọ bàálù. Bí ẹ bá dé tí ara ò yá, ẹ yáa sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Láti ọjọ́ náà, màmá ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí, àmọ́ wọ́n wà láàyè. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fowó ara wa ra àìsàn. Ẹ ó pẹ́ fún wa.

Èmi ni àbúrò yín tó ń tijú,
Ìyàwó tuntun.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí o: mo ti ń lẹ àpòòwé pa nígbà tí ọkọ mi ti ọ̀dọ̀ màmá dé láti ilé ìwòsàn. Ó ní wọ́n béèrè pé, "Aláriwo mi dà? Ẹ ní kó wá bá mi sọ fún dókítà pé apá ọ̀tún ṣì ń dùn mí." Mo ti ń wọ bàtà.