Ìdí tí mo fi sá sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ní kílíníìkì

Noreen ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ikùn ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn ńkọ́? Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́, kí ilẹ̀ àwọn ìyá wa mọ̀ pé ọmọ òun lo jẹ́ bí o tilẹ̀ wà ní ìlú ńlá Darwin níbi tí o ti ń dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ti dá, pẹ́pẹ́yẹ igbó ti sanra ní àbàtà, Àǹtí Ida ẹ̀gbọ́n mi sì ti jẹ ẹ́ títí inú fi ń run wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n ní omi ẹ̀rọ ni.

Wọ́n ní ò ń sunkún torí nọ́ọ̀sì wa ránṣẹ́ sí ọ pé mi ò ní wá dúró tì ọ́ mọ́ tí o bá fẹ́ bímọ, pé èmi àti ọkọ rẹ ń jà. Ta ló ń jà? Fiona nọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wa ni. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Ó ní kí n wá sí kílíníìkì láàárọ̀, pé èmi, ìwọ àti dókítà rẹ ní Darwin fẹ́ pàdé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo di bùláńkẹ́ẹ̀tì, mo yan búrẹ́dì nínú eérú torí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń fúnni lóúnjẹ nínú ọkọ̀ òfuurufú, mo sì dágbére fún gbogbo àdúgbò, àwọn míì tiẹ̀ sunkún. Mo débẹ̀, ó ní kí n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé a ń dúró de ọkọ̀ ni, àṣé inú tẹlifíṣọ̀n náà ni a ó ti rí Darwin. Dókítà yọ, ó kí mi, mo kí i, mo rí i pé ó ti rù jù, mo na búrẹ́dì sí i, kò gbà á, mo ní bóyá ó ti jẹun. Ìwọ náà yọ, inú mi dùn, mo ń wo ikùn rẹ. Ìgbà yẹn lẹnì kan gbé àga sún mọ́ ọ, kí n wò báyìí, ọkọ rẹ ni.

Noreen, o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí a ti fi ọ́ fún un, mi ò wo ojú ọmọkùnrin yẹn rí, mi ò dárúkọ rẹ̀ rí, òun náà kò sì wò mí lójú rí. Tó bá rí mi lọ́nà ṣọ́ọ̀bù, á yà sínú igbó. Òfin wa ni pé ìyá ìyàwó àti ọkọ ọmọ kì í wo ara wọn, wọn kì í gbóhùn ara wọn. Ọkọ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣé kí n wá jókòó máa wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù ni? Mo ní kí Fiona yí ọkọ rẹ kọjú sí ògiri, ó ní ògiri wo. Ni mo bá sáré bọ́ sí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, torí ẹ̀yìn ọkọ rẹ ló yẹ kí n wà. Mi ò bá ẹ̀yìn rẹ̀ níbẹ̀ o, wáyà ni mo bá, mo ṣáà lóṣòó tì í. Wọ́n ní òun náà ti wọ abẹ́ tábìlì lọ́dọ̀ yín.

Dókítà wá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ àkọ́kọ́, èyí tí a kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́, tó bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìbí kí n tó dé ọsibítù. Ọkọ rẹ ló dáhùn láti abẹ́ tábìlì. Mo fẹ́ di etí mi méjèèjì, ṣùgbọ́n Fiona ní kí n di wáyà mú kó má baà já, ni etí kan bá ń gbọ́. Ọkọ rẹ ní wọ́n lé òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù lọ́jọ́ náà, pé ò ń pe òun, ò ń pè mí, kò sẹ́ni tó jẹ́ ọ lóhùn àyàfi àwọn àjèjì. Ó bá bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀.

Bí mo ṣe jáde lọ láìsọ̀rọ̀ ni Fiona fi rò pé ìbínú ni. Thelma tiwa tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì ì bá ti là á yé e, ìsìnkú ló lọ. Ìgbà tó dé ló sọ fún un pé ọ̀wọ̀ ni, kì í ṣe ìjà. Fiona gbé tíì wá sílé mi, ó ní kí n má bínú, ó ti dá orúkọ mi padà sínú ìwé àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé wá, ọkọ̀ òfuurufú á gbé mi wá tóṣù rẹ bá pé. Ó tún ní èmi àti ọkọ rẹ lè jọ wà ní yàrá ìbímọ, kí wọ́n ta aṣọ sáàárín. Mo ní aṣọ kì í dí ohùn. Nínú èmi àti òun, ẹnì kan ṣoṣo ló lè wà níbẹ̀. Àǹtí Ida ní kí ni ọkùnrin ń wá níbi tí obìnrin ti ń bímọ, èmi náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra síkẹ́ẹ̀tì, èyí tí mo ní ti ya níbi tí mo lóṣòó sí. Fi ti tíì àti ṣúgà sí i. Kó o sì sọ fún ọkọ rẹ, má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́, pé kó máa sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo bá dé.

Wàá bí wẹ́rẹ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni kó wọlé tì ọ́, má dárúkọ mi. Ọkọ rẹ ni kó wọlé. Èmi ni n ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, tí o bá pè mí, n ó máa dáhùn.

Èmi ni,
Dulcie, ìyá rẹ.